Sẹ̀gilọlá Bojú, Àwa Náà Bojú

Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin kan ló kọ ọ́ sí olóòtú. Ó ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, ikú ò sì jìnnà sí òun mọ́, òun fẹ́ ròyìn bí òun ṣe lo ayé òun láàárín àwọn ọkùnrin Èkó kí ọ̀rọ̀ náà má bàa bá òun wọ ilẹ̀ lọ. Lẹ́tà kejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, títí ó fi wọ ọdún 1930. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, àwọn òǹkàwé náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Lọ́dún 1930 ni wọ́n kó gbogbo lẹ́tà náà pọ̀ di ìwé, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Olóòtú tí Sẹ̀gilọlá ń kọ̀wé sí, Isaac Babalọlá Thomas, òun gan-an ló jókòó tó kọ wọ́n. Ọkùnrin ni Sẹ̀gilọlá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Karin Barber tún un tẹ̀ jáde lọ́dún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, inú ẹ̀dà yẹn sì ni olùkọ́ wa ti mú àwọn ojú ìwé tí a kà ní kíláàsì. Bí wọ́n bá ń yìn ín, èdè rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yìn: òwe lórí òwe, orin, ẹsẹ Bíbélì, àti Èkó àtijọ́ tó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Èmi náà yìn ín. Obìnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ débi pé ènìyàn á gbàgbé pé ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìbòjú náà fúnra rẹ̀. Ta ni ó ń dáàbò bò? Ta ni ó tú síta? Bí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà bá ba ayé ẹnì kan jẹ́, ilé ta ni ẹni náà yóò gbà lọ? Mo rí i pé Thomas dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa ju bí àwa ti ń dáhùn wọn lórí fóònù lónìí, ó sì kùnà nínú ọ̀kan tó dùn mí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Snake Island ni mò ń gbé, erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbọọrọ bí ejò, tí èbúté Tin Can àti Àpápá wà ní òdìkejì omi. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sọ́jà, òun la fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní Ajégúnlẹ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, orúnkún ń kan orúnkún. O kò lè bú ìyá ẹni tó jókòó tì ọ́, torí pé títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, ẹ ṣì jọ ń wo ara yín ni. (Bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá tún mọ bàbá rẹ, wàhálà mìíràn nìyẹn.) Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ ọ́, ojú yẹn ló sì ń kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ṣí ojú ewé kan sórí ìkànnì kan, ó fi àwòrán ajá tó wọ awò dúdú síbi tí ojú tirẹ̀ yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ní àgbègbè wa ló ń kọ síbẹ̀. Ó dárúkọ ọmọ kíláàsì mi kan, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ó ti lóyún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé orí fóònù gbogbo ènìyàn. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹja yíyan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á dúró níwájú àtẹ, wọ́n á béèrè ìgbà tí ìkómọ máa wáyé, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kò wá sí ilé ìwé mọ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Oṣù mẹ́sàn-án pé, ó kọjá, kò sí oyún, kò sí ọmọ. Kò sì sẹ́ni tó wá bẹ̀bẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ajá tó wọ awò dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kíyè sí nǹkan kan: nínú gbogbo ohun tí ojú ewé náà kọ, kò dárúkọ ọmọkùnrin kankan. Ó dà bíi pé ọmọ yẹn nìkan ló dá fún ara rẹ̀ lóyún tí kò sí.

Sẹ̀gilọlá náà bojú, ṣùgbọ́n ohun tí ìbòjú tirẹ̀ wà fún yàtọ̀. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kí ó lè tú àṣírí ara rẹ̀. Ìwà tirẹ̀ ló ń kà, àìsàn tirẹ̀ ló ń ròyìn, ìdájọ́ tó sì ń ṣe, orí ara rẹ̀ ló ń dá a lé. Ajá awò dúdú fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kó lè fi ti ẹlòmíràn hàn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ máa ń sọ, pé kí ìjọba kàn sọ ọ́ di dandan fún olúkúlùkù láti máa fi orúkọ gidi kọ̀wé. Bí ẹ bá gba ìbòjú lọ́wọ́ gbogbo wa, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kan ń fọwọ́ kàn lóru, tó fẹ́ béèrè ohun tó lè ṣe. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń tì í lójú. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó rí i tí ọ̀gá ń jí owó. Ohun tí mo máa ń wò ní tèmi ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí. Ṣé ara ẹni tó bojú ló kọjú sí, àbí ẹni tó lágbára jù ú lọ, àbí ọmọ tí kò lè gbèjà ara rẹ̀?

Ibi tí mo bá Thomas ní gbólóhùn asọ̀ nìyí. Sẹ̀gilọlá tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi kò sí láyé. Ọkùnrin kan ló wọ aṣọ obìnrin, tó wá ń sọ fún àwọn obìnrin bí obìnrin ṣe ń bàjẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí òǹkọ̀wé fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn àròsọ kò ní sí. Ohun tó dùn mí ni bí ó ti pín ẹ̀bi. Wọ́n pe Sẹ̀gilọlá ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ẹgbẹ̀rún ọkọ! Níbo ni ẹgbẹ̀rún náà wà? Bí ìtàn ṣe ń lọ, òun ni àìsàn mú, òun ni òṣì ta, òun ló ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀, òun ló ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Àwọn ọkùnrin náà wà lábẹ́ ààbò, ó bò wọ́n láṣìírí. Ká ní ìtàn tòótọ́ ni, mi ò bá sọ pé ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń ba olóòtú. Ṣùgbọ́n Thomas ló dá gbogbo wọn sílẹ̀, orúkọ àròsọ kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni. Ó wá orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye fún obìnrin náà kí gbogbo Èkó lè máa pè é. Mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀: ó fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó ń ka ìwé ìròyìn máa wo ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kí olúkúlùkù máa bẹ̀rù pé òun lọ̀rọ̀ ń bá wí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ nígbà tí owó ìpalára délẹ̀, obìnrin ló san án. Ajá awò dúdú kò ka Sẹ̀gilọlá rí, mo lè búra, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí Thomas là ló ń tọ̀.

Níbi tí Thomas ti jù wá lọ, ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ilé. Ẹni tí lẹ́tà Sẹ̀gilọlá bá bí nínú lè má mọ Sẹ̀gilọlá, ṣùgbọ́n ó mọ olóòtú Akéde Èkó. Ó lè wọ aṣọ rẹ̀, kó rìn lọ bá a, kó lu tábìlì rẹ̀. Ó lè kọ lẹ́tà tirẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ka ti Sẹ̀gilọlá sì ka tirẹ̀ náà. Òfin pàápàá fẹ́ ẹni tí wọn yóò mú. Láti ọdún 1903 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì fi 250 pọ́n-ùn dúró. Kì í ṣe nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń ta ẹja ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn. Àwọn tó ń bá ìjọba wí ni wọ́n fẹ́ dì lẹ́nu, àwọn ará Èkó sì bínú sí i gidigidi. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ má bàa rò pé mo ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn ju tiwa lọ.

Àwọn ará Èkó kò sì nílò òfin Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó mọ bí ẹni tó bojú ṣe ń jíhìn. Ẹ wo Ẹ̀yọ̀. Aṣọ funfun bò ó láti orí délẹ̀, aṣọ bo ojú rẹ̀, ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ bàbá onílé rẹ ló ń kọjá, o kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo akẹtẹ̀ orí rẹ̀. Dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Lába, ti Oníkò jẹ́ yẹ́lò, ti Ológẹ̀dẹ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Àgẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Àwọn Ẹ̀yọ̀ yòókù náà ní àwọ̀ ìga tí wọ́n ti jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní 20 oṣù Kárùn-ún ọdún 2017, tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé 50 ọdún, mo kéré púpọ̀, mo sì rántí akẹtẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹwà nìkan kọ́ ni àwọ̀ yẹn wà fún. A kò mọ ojú, a mọ ìga. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá ṣìwà hù, kò sí pé à ń ká aṣọ lójú rẹ̀ láàárín títì. Ọ̀rọ̀ náà ní ilé tó lè gbà lọ. Akéde Èkó ni akẹtẹ̀ tí Sẹ̀gilọlá dé. Ajá awò dúdú kò dé nǹkan kan.

Ìtàn kan wà tí kì í jẹ́ kí n lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ní 15 oṣù Kárùn-ún ọdún 1936, ìwé ìròyìn African Morning Post ní Accra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà báyìí, tẹ àròkọ kan tó sọ òkò ọ̀rọ̀ sí àwọn aláwọ̀ funfun àti ìjọba wọn. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní "Effective". I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sierra Leone, ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn, Nnamdi Azikiwe sì ni olóòtú. Ìjọba wọ́ àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n bu owó ìtanràn lé Wallace-Johnson. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Azikiwe, ṣùgbọ́n ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre, torí pé ìjọba kò lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ni olóòtú lọ́jọ́ tí àròkọ náà jáde. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 1937, ó ti wà ní Èkó, ó ti ń tẹ West African Pilot.

Bí mo bá ka ìtàn yìí, ẹ̀yìn ẹni tó bojú ni mo wà. Inú mi dùn pé ẹ̀rí ò sí. Ẹnì kan lè wá bi mí pé, kí ló wá dé tí inú mi kò fi dùn pé kò sí ẹ̀rí lórí ajá awò dúdú? Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí "Effective" kọjú sí ní ọlọ́pàá, ó ní adájọ́, ó ní ẹ̀wọ̀n. Ọmọ kíláàsì mi ní ìyá tó ń ta ẹja.

Lónìí, ẹnì kan lè sọ pé ní Nàìjíríà kò sẹ́ni tó bojú mọ́. Láti òpin ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí gbogbo wa so nọ́ńbà fóònù wa mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà láti ọdún 2015. Bí abala 24 rẹ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti fi yọ ẹlòmíràn lẹ́nu lè san tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3. Àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n fi ń mú lemọ́lemọ́, títí ilé ẹjọ́ ECOWAS fi ní kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe lọ́dún 2022, tí àwọn aṣòfin sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Nítorí náà orúkọ ajá yẹn wà níbì kan. Ó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ fóònù, ó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ká ní gómìnà ló kọ ọ̀rọ̀ sí, wọn ì bá ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi lọ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ kó sùn ún. Wọ́n ní kó lọ mú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wá ná. Irú ìbòjú wo nìyí, tó hàn kedere lójú àwọn tó wà lókè, tó sì dúdú biribiri lójú aládùúgbò? Òdìkejì Ẹ̀yọ̀ ni. Ní ti Ẹ̀yọ̀, ẹni tó dúró létí títì lè nàka sí ìga.

Mo ti ń bínú sí ajá yìí láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka Sẹ̀gilọlá, ojú mi kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó gbé e kiri kò bojú. Mo rí i lórí WhatsApp lọ́wọ́ àwọn ẹni tí mo mọ orúkọ wọn àti orúkọ ọmọ wọn, àwọn tí àwòrán ìgbéyàwó wọn wà lójú fóònù. Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó fi ẹkún mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Thomas kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1929. Ká ní obìnrin kan tilẹ̀ wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tó sì fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú lẹ́tà rẹ̀, Thomas kò ní lè dúró níwájú adájọ́ kó ní bí òun ṣe rí i gbà ni òun ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Ìyá tó fi ẹkún mẹ́ta síbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́, ó yára ju ti Akéde Èkó lọ, kò sì ka ara rẹ̀ sí olóòtú.

Mo ṣì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi ka Sẹ̀gilọlá, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n mú bírò, kí wọ́n fún ẹgbẹ̀rún ọkọ yẹn lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé ìwé wa, olùkọ́ tó ń gbà wá nímọ̀ràn gbé àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti tááàmù tó kọjá. Ẹni tó bá wù lè ju ìwé sínú rẹ̀ láìfi orúkọ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń ṣí i níwájú wa, ó máa ń fojú kà wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ kó tó ka èyí tó bá yàn sókè, ó sì máa ń sọ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ tí òun bá kà bá dùn, òun ni kó wá bá. Lọ́sẹ̀ kan, ó ṣí ìwé kan, ó wò ó, ó ká a sí méjì, ó fi sínú báàgì rẹ̀. A mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n fẹ́ gbọ́. Kò dá wọn lóhùn. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì kà á: ọmọ kan fẹ́ mọ ohun tí òun lè ṣe, ìyá òun ní kí òun fi ilé ìwé sílẹ̀ kí òun wá máa ran òun lọ́wọ́ lọ́jà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí olùkọ́ wa tó rí ọ̀rọ̀ sọ sí ìyẹn.